Ẹ Má Pe Àbàtà Ní Ilẹ̀ Tí Kò Wúlò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Mo ka àkọsílẹ̀ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí nípa bí ilẹ̀ ṣe ń wọ́n sí i ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, mo sì fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan dùn mí níbẹ̀, èyí tí ó ní kí àwọn ẹbí onílẹ̀ sọ àwọn àbàtà tí kò wúlò di ilẹ̀ ilé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá kí n tó fẹ̀yìntì, mi ò sì lè ka "tí kò wúlò" yẹn kí n dákẹ́.

Ìtàn ìwáṣẹ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà kò bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Omi àti àbàtà ni gbogbo ayé nígbà tí Olódùmarè rán Ọbàtálá, tàbí Odùduwà gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti ń sọ ọ́, wá pẹ̀lú erùpẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín àti adìẹ oníka-ẹsẹ̀ márùn-ún. Adìẹ ta erùpẹ̀ náà káàkiri, wọ́n sì rán agẹmọ, tí a tún ń pè ní ọ̀gà, pé kó lọ wò ó bóyá ibẹ̀ ti ṣeé tẹ̀. Ìròyìn tí ó kọ́kọ́ mú bọ̀ ni pé ilẹ̀ náà ti fẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ tó. Ìgbà tí wọ́n tún rán an lọ ni ó tó wí pé ó ti fẹ̀, ó sì ti gbẹ. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú kì í gbọ́ ibi tí ìtàn náà kan agẹmọ kí ọkàn mi má lọ sí ọdún Agẹmọ wa, tí òun pẹ̀lú ẹranko yìí jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ wo bí ẹranko náà ṣe ń rìn títí dòní: á gbé ẹsẹ̀, á dá a dúró, á mì síwá mì sẹ́yìn kó tó gbé e lélẹ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ kò tíì dá lójú.

Àwọn tí wọ́n ní irú ìtàn yìí kò fojú kéré àbàtà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Irà ni ibi tí ẹsẹ̀ ń rì sí, ẹrọ̀fọ̀ ni ẹrẹ̀ rírọ̀ tí ń fa bàtà mọ́ni lẹ́sẹ̀, àkùrọ̀ sì ni ilẹ̀ olómi tí a ń dáko sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí òwe sọ pé ó ti lómi tẹ́lẹ̀ kí òjò tó rọ̀ sí i. Òwe tí mo fẹ́ràn jù lọ ni èyí tí ó ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti ní láti dúró sí bèbè omi pẹ́, kó tó rí i pé omi tí kò ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti omi tí ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Níbo wá ni a ti kọ́ bí a ṣe ń kẹ́gàn rẹ̀? Mi ò lè di gbogbo rẹ̀ ru ìwé kan, ṣùgbọ́n mo rò pé Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, ìwé John Bunyan tí míṣọ́nnárì David Hinderer túmọ̀ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kó ipa níbẹ̀. Bàbá bàbá mi máa ń kà á fún wa nídìí àtùpà. Inú irà àìnírètí ni arìnrìn-àjò inú ìwé náà kọ́kọ́ já sí nígbà tí ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rì í síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni irà ti di àwòrán ẹ̀ṣẹ̀ àti ìbànújẹ́ lọ́kàn èmi náà. Ìgbà tí mo dàgbà tí mo tún un kà ni mo ṣàkíyèsí ohun mìíràn tí Bunyan kọ síbẹ̀ ní 1678, pé àwọn òṣìṣẹ́ ọba ti ń tún irà náà ṣe fún 1,600 ọdún, pé ó ti gbé ẹrù kẹ̀kẹ́ tí ó tó 20,000 mì, síbẹ̀ irà náà ni.

Ará agbègbè Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Bunyan. Odò Ouse tí ó gba ìlú náà kọjá ń ṣàn lọ sí àbàtà ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Fens. Láti nǹkan bí 1630 ni Earl ti Bedford, ìjòyè ńlá kan, àti àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba Cornelius Vermuyden, ará Họ́láńdì, pé kó gbẹ́ ipa omi kó sì fa àbàtà náà gbẹ. Ẹja, ẹyẹ omi àti koríko ìbolé ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń jẹun. Wọ́n bínú, wọ́n sì ń lọ wó ohun tí wọ́n fi sé omi. Iṣẹ́ náà ń bá a lọ síbẹ̀. Ní nǹkan bí 1851, wọ́n ri òpó irin kan mọ́lẹ̀ ní Holme Fen, apá kan àbàtà náà, títí orí rẹ̀ fi bá ilẹ̀ dọ́gba, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀. Lónìí, òpó náà yọ sókè ní nǹkan bí mítà 4. Ilẹ̀ ni ó sọ̀kalẹ̀. Ewéko tí ó ti kó jọ sínú omi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láìjẹrà tán, bí afẹ́fẹ́ ṣe kàn án, ó sún kì, ó jẹrà, atẹ́gùn sì gbé òmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ oko níbẹ̀ ti wá rẹlẹ̀ ju odò lọ báyìí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa omi kúrò nínú wọn.

Ilẹ̀ tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, mo mọ̀. Àbàtà kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí mo wà lọ́mọdé, etí rẹ̀ ni ìyá mi ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú. Níbẹ̀ ni a ti ń já ewé gbòdògì, níbẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń dá ògùrọ̀, tí wọ́n sì ti ń gé pákẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń hun apẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí omi kànga ń fà sẹ́yìn, ẹ̀fọ́ inú àkùrọ̀ etí rẹ̀ ni a ń jẹ títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi dé. Bí kọ̀ǹkọ̀ bá sì ti ń ké lálẹ́, ìyá mi á ní kí a kó ohun tí a sá wọlé.

Wọ́n ta ibẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọkọ̀ típà ń já ilẹ̀ pupa síbẹ̀ lójoojúmọ́ fún nǹkan bí oṣù méjì, ilé mẹ́fà sì dìde. Àbàtà ni ó máa ń gba àgbàrá gbogbo òkè náà sínú bíi kànrìnkàn, tí á máa tú u sílẹ̀ fún odò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kò sí mọ́, òjò ọdún kejì kò rí ibi dúró sí. Ó wọ ilé àwọn tí omi kò wọ ilé wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, ògiri méjì lára àwọn ilé tuntun náà sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo dúró sí ojúde níbẹ̀, 20,000 ẹrù kẹ̀kẹ́ Bunyan sì wá sọ́kàn mi.

Ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1971 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn lórí àbàtà ní ìlú Ramsar ní ilẹ̀ Ìráànì. Ibi 11 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bẹ́ẹ̀ Erédò Súngbọ̀, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà gba inú àbàtà kọjá, etí ọ̀sà wa sì kún fún un títí dé Abigi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí àwọn ọba àti ẹbí onílẹ̀ ya àbàtà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pín ilẹ̀, kí ìwé ìròyìn yín sì fún àwọn òǹkàwé ní àyè láti kọ orúkọ àbàtà ìlú wọn àti ìtàn tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀. Mọ́kànlá ni mo ti kọ sílẹ̀ ní tèmi, mẹ́ta péré ni omi ṣì wà nínú wọn. Bí ẹ bá gbà, mo ti ṣetán láti fi wọ́n ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì,
Ìjẹ̀bú-Òde.