Oògùn apakòkòrò kò ran àrùn ewé yánmọtí

Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn tó ń gbin yánmọtí, láti ilẹ̀ Yorùbá títí dé Kogi àti Benue. Bí àmì bá ti yọ lára ewé, oògùn apakòkòrò ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ rà. Owó wọn ṣòfò ni. Kì í ṣe kòkòrò ló fà á, ẹbí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ni.

Méjì ló wọ́pọ̀ nínú àwọn àrùn yìí, Cercospora àti Alternaria. Àmì Cercospora kéré, àárín rẹ̀ á sì wá funfun bí eérú. Ti Alternaria tóbi, ó dúdú, ó ní òrùka nínú òrùka bí ojú igi tí a gé, ó sì máa ń mú igi àti èso pẹ̀lú. Ewé ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ já, hóró inú èso á sì rù.

Irúgbìn ni méjèèjì sábà ń bá wọ oko. Ẹni tó mú irúgbìn látinú oko tó ṣàìsàn lésìí ti gbin àrùn mọ́ ọn. Ẹ da gíráàmù 3 thiram, oògùn apàrùn tí a ń pò mọ́ irúgbìn, sí kílò irúgbìn 1 nínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, kí ẹ mì ín títí yóò fi kárí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ẹni tí kò fẹ́ kẹ́míkà lè dì í sínú aṣọ, kó rì í sínú omi 53°C fún ìṣẹ́jú 30, kó wá sá a síbòji. Ẹ má fi ojú díwọ̀n omi náà o, tẹmọ́mítà ni kí ẹ lò: bó bá gbóná jù, irúgbìn ò ní hù, bó bá tutù jù, àrùn ò ní kú. Ẹ kọ́kọ́ fi 100 hóró dán an wò.

Fífọ́n irúgbìn káàkiri náà ń dá kún un, torí ewé tó há mọ́ra kì í tètè gbẹ lẹ́yìn òjò. Kí ìlà fi sẹ̀ǹtímítà 60 jìnnà síra, kí ẹ sì fa èyí tó pọ̀ jù tu kó lè ku igi kan ní sẹ̀ǹtímítà 10.

Ti mancozeb, oògùn tí a ń fín sí ewé nítorí àrùn yìí, ló ń dùn wá jù. Aṣọ òjò ló jẹ́ fún ewé. Kò lè lé àrùn tó ti wọlé jáde. Ìgbà tí àmì mélòó kan bá yọ lára ewé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fín in, kì í ṣe ìgbà tí ewé bá ti ń já: gíráàmù 40 sí táǹkì lítà 16, kó kan ẹ̀yìn ewé dáadáa, kí ẹ tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ 14. Bí òjò bá wẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ, ẹ ò tíì fín nǹkan kan. Ẹ bo imú àti ọwọ́ yín. Bí èso bá ti ń gbó, ẹ dáwọ́ dúró. Jàpáánì tó ń ra yánmọtí wa máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn ṣẹ́ kù lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ kó kùkùté àti ewé tó já jọ, kí ẹ sun wọ́n. Àgbàdo tàbí ọkà bàbà ni kó wà lórí ilẹ̀ náà fún ọdún méjì.

Àwa olóko yánmọtí,
Abẹ́òkúta.