Ọ̀nà Gberefu: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Àgbádárìgì, Nílé àti Lẹ́yìn Odi

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa ti fẹnu kò pé iṣẹ́ tí a ó gbájú mọ́ lọ́dún yìí ni ọ̀nà ẹsẹ̀ Gberefu, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ọ̀sà, láti etí ọ̀sà títí dé etí òkun. Owó yín, ọwọ́ yín àti ìmọ̀ yín la wá tọrọ.

Ẹni tó ti pẹ́ tó ti wálé lè máa béèrè pé kí ló wà níbẹ̀. Láti Marina, àdúgbò etí ọ̀sà nínú ìlú, ni ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) kọ́ parí ní 1845, kọjú sí ọ̀sà. Nítòsí ibẹ̀ ni àgbàlá Seriki Williams Abass wà, pẹ̀lú yàrá 40 tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Ẹrú ni òun fúnra rẹ̀ nígbà kan: wọ́n mú un ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wálé, ó sì di oníṣòwò ẹrú. A fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ìtàn yìí bó ṣe rí gan-an. Àwọn òyìnbó rà, àwọn tiwa tà. Bí a bá fi apá kan pamọ́, àlejò tó ti Bahia ní Brazil wá yóò mọ̀ pé a ń fi nǹkan pamọ́ fún òun.

Láti Marina, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni sọdá ọ̀sà. Kì í pẹ́. Lékeléke wà létí omi, ẹyẹ dúdú-funfun kan sì wà tó máa ń dúró lójú kan lófuurufú, tí yóò ju ara rẹ̀ sómi lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì gbé ẹja jáde. Bí a bá dé òdìkejì, iyanrìn pẹrẹsẹ ni, pẹ̀lú igi àgbọn lọ́tùn-ún lósì. Kò sí òkè, kò sí àpáta. Arúgbó lè rìn ín, ọmọdé lè rìn ín, nǹkan bí ìlàjì wákàtí sì ni fún ẹni tó bá ń rìn pẹ̀lẹ́. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n da àwọn tí wọ́n so ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà sọ pé wọ́n máa ń fún wọn lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Níkẹyìn, òpó gíga méjì dúró níwájú òkun.

Ọ̀pọ̀ àlejò ń ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n sì ń padà pẹ̀lú èrò pé ọ̀nà àlọ nìkan ni Àgbádárìgì. Ó dùn wá gan-an. Láti nǹkan bí 1838 ni àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú ti ń ti Sàró (Sierra Leone) padà wá, tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà wa kí wọ́n tó kọrí sí Abẹ́òkúta. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, gba ibí wọlé ní 1845. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kò sí pátákó kankan lọ́nà Gberefu tó sọ èyí ní èdè Ògù (Ègùn) tàbí ní Yorùbá. Àwa ló yẹ ká kọ ọ́.

Ohun kejì tí a fẹ́ tọ́jú lọ́nà yìí ni àwọn ahun òkun. Lóru ni wọ́n ń jáde wá yé ẹyin sínú iyanrìn etíkun wa. Irú kan wà láàárín wọn tí kò ní igbá líle lẹ́yìn, awọ ló bò ó, òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo ahun ayé. Ẹyin máa ń lò tó oṣù méjì nínú iyanrìn. Ìmọ́lẹ̀ ojú òkun ni àwọn ọmọ ahun ń tẹ̀ lé dé inú omi, nítorí náà bí iná bá ń tàn lẹ́yìn wọn, orí ilẹ̀ ni wọn yóò kọrí sí, akàn àti oòrùn yóò sì pa wọ́n. Àwọn kan ṣì ń wú ẹyin náà tà. A kò fẹ́ bá wọn jà. A fẹ́ sanwó fún àwọn apẹja Gberefu fúnra wọn láti máa ṣọ́ etíkun lóru, nítorí wọ́n mọ ibẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Owó tí a bù fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni ₦10,000, fún akẹ́kọ̀ọ́ ₦2,000. Ẹni tí Ọlọ́run bá bù kún, kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pátákó lédè wa, bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi àgbọn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti aṣọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì fún gbogbo ọkọ̀ tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ sọdá ni a ó fi ṣe. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ lè wá bá wa kó náílọ́ọ̀nù àti ike kúrò ní etíkun. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní fọ́tò àtijọ́ tàbí ìtàn ìdílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá ká wá gbà á sílẹ̀.

Ọwọ́ akápò ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ san owó sí, kí ẹ sì gba rísíìtì. Owó àwọn apẹja tí yóò máa ṣọ́ etíkun la ó kọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kó pé kí oṣù kẹwàá tó wọlé, kí àwọn ahun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́pọ̀.