Lẹ́tà sí Ìyá Ẹlẹ́kọ, nítorí opó irin ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu

Ìyá mi Ẹlẹ́kọ,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé ẹbí máa jókòó lọ́jọ́ Àìkú lórí ọ̀rọ̀ opó irin tó gbé wáyà rédíò mi dúró, èyí tí mo fi ń bá àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀, àti pé ẹ̀yin gan-an lẹ ní kí wọ́n wó o. N ò bínú o. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, ẹ̀yin náà lẹ sì fún mi láyè láti rì í síbẹ̀. Àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn jáde. Ìwọ ọmọ tó ń kà á fún wọn, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, ibi tí mo ti ń dárúkọ wáyà pàápàá.

Ẹ ní opó náà máa pe Ṣàngó wálé. (Àlájà tó ń bẹ̀rù Ṣàngó! N ò ní sọ fún Lèmọ́mù.) Ẹ̀rù yín kò ṣàìnídìí. Irin tó bá ga ju òrùlé lọ, àrá lè bà á. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ bínú pé mo da odindi àpò èédú yín sínú ihò lẹ́yìn balùwẹ̀? Ọ̀pá bàbà ni mo kàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, mo wá fi èédú àti iyọ̀ dí i yí ká, nítorí pé omi ìwẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ tútù sì máa ń gba iná ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Wáyà bàbà tó nípọn ló ti ìdí opó lọ síbẹ̀. Bí àrá bá bọ́ lé opó, ọ̀nà tó máa bá wọlẹ̀ nìyẹn. Mi ò búra pé aburú kankan ò lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ iná kì í búra bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí òjò bá ti ṣú, mo máa ń yọ wáyà kúrò lára rédíò, màá sì jù ú síta gba ojú fèrèsé.

Ẹ tún ní mo ń bá ẹni àìrí sọ̀rọ̀ lóru. Èèyàn ni wọ́n, Ìyá. Wáyà tó wà lórí opó yẹn kò ju nǹkan bíi mítà 10 lọ, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀. Opó kàn gbé e sókè ni. Wáàtì 100 ló ń jáde lára rédíò mi, bẹ́ẹ̀ áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ Jímọ́ọ̀ ń jẹ 1,000. Bí wáàtì 100 yìí bá tọ ilẹ̀ lọ, kò dájú pé ó máa dé Pọ́bẹ̀ tó wà nítòsí wa. Àmọ́ ní nǹkan bíi 300 kìlómítà sókè, oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di ohun tó lè dá ìgbì rédíò padà sílẹ̀. Ìgbì á lu ibẹ̀, á bọ́ sórí òkun, òkun á tún tì í sókè, títí tó fi máa balẹ̀ sí ilẹ̀ onílẹ̀. Ipele kan wà nísàlẹ̀ tó máa ń mu nínú agbára ìgbì lọ́sàn-án. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ipele yẹn á pòórá. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn alẹ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ òkùnkùn.

Òru tí ẹ gbọ́ tí mo ń pariwo “Kilo, Echo, Tango, Oscar, Uniform”, tí ẹ ní ṣé mo ti ń ta àgbàdo ní kílò ni, orúkọ ìlú wa ni mo ń pè ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí Faransé ṣe ń kọ ọ́. Ọkùnrin kan ló ní kí n tún un pè. Àmì tí wọ́n fi mọ̀ mí lórí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TY, tí í ṣe ti Benin. Tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PY6, ìyẹn Bahia ní Brazil. Aago mẹ́wàá alẹ́ lọ́dọ̀ wa, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní, “Kétu? Kétu ti Òṣọ́ọ̀sì?” Ìyá, ara mi bù máṣọ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa kọjá òkun kò gbàgbé. Títí di òní, ilé òrìṣà tó ń pe ara rẹ̀ ní ti Kétu pọ̀ ní Bahia, Òṣọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń pè ní ọba Kétu. Mo sọ fún un pé ẹ̀kọ, tí àwọn ará Àjàṣẹ́ ń pè ní àkàsà, ni ìyá mi ń tà. Ẹ̀rín ló bú sí. Àgbàdo funfun ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn náà, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń dì í, wọ́n sì ń gbé e fún òrìṣà.

Èló ni wọ́n ń san fún mi? Fááránkì kan kò sí. Òfin àgbáyé ló ní ẹni tó bá ń ṣe irú rédíò yìí kò gbọ́dọ̀ fi wá owó. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń pè é ní eré ọmọdé, ẹ bá mi sọ fún un pé ìgbà kan wà tí àwọn ìjọba ka ìgbì kúkúrú, irú ìgbì rédíò tí mo ń lò yìí, sí ohun tí kò wúlò, wọ́n jù ú sílẹ̀ fún àwọn eléré ọmọdé. Ní November 1923, ọ̀kan nínú wọn, Léon Deloy, jókòó sí Nice ní ilẹ̀ Faransé, ó fi ìgbì kúkúrú yẹn bá Fred Schnell ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló wá sáré tẹ̀ lé wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹbí gbọ́ jù ni ti ọyẹ́ tó kọjá. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ iná ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ariwo kan bo rédíò mi, gẹ̀rẹ̀rẹ̀ láìdánu dúró. Iná wa ń yí padà nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń ga lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo tó ń lù nígbà 100 mọ̀ pé ara wáyà iná ló ti ń bọ̀. Mo mú rédíò kékeré dání, mo ń tẹ̀ lé ariwo náà bí ó ṣe ń le sí i, títí mo fi dé abẹ́ opó tó wà nítòsí ẹ̀rọ ìlọta. Eruku ọyẹ́ ti bo tánganran tó gbé wáyà 20,000 fólìtì dúró, ìrì ti rin eruku náà, iná sì ti ń rákò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a pa iná tí a sì gun opó, tánganran kan ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. A pààrọ̀ rẹ̀. Ká ní ó bẹ́ fúnra rẹ̀ ni, àdúgbò wa á sùn nínú òkùnkùn, ẹja inú fìríìjì ìyàwó ẹ̀gbọ́n á sì jẹrà. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́, torí kò sẹ́ni tó mọ̀.

Wọ́n á ní kí n kúkú gbé opó náà wá sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n gbé mi wá. Kò ní ṣiṣẹ́. Nínú yàrá tí mo háyà nítòsí ọjà Ouando, bí mo bá tan rédíò, ariwo ṣájà fóònù, gílóòbù LED àti ẹ̀rọ sólà àwọn ará ilé ló máa ń kún inú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu pa lọ́lọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró, èmi á máa wá lópin ọ̀sẹ̀. Bí ẹbí bá sì kọ̀ jálẹ̀, kí wọ́n má fi ayùn gé e, kí wọ́n dúró dè mí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan wáyà bàbà.

Ó ku ohun kan. Ará Bahia yẹn béèrè ọjọ́ mélòó tí ẹ fi ń rẹ àgbàdo kí ẹ tó lọ̀ ọ́, n ò sì mọ̀. Orúkọ mi nìkan ló wà lórí ìwé àṣẹ, nítorí náà èmi ni màá bá yín sọ fún un. Ẹ ní kí ọmọ yẹn kọ ọ́ sí mi lórí WhatsApp kó tó di Sátidé.

Ọmọ yín, oníwáyà.