Ọjọ́ 11 péré ló kù kí ọmọ mi pé 18, wọ́n ní kó dúró síta

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, inú ló ń bí mi, àtọjọ́ ìdìbò yẹn ni mi ò ti rí oorun sùn. Ọmọ mi obìnrin tẹ̀lé ìyá mi lọ síbùdó ìdìbò, ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́, odindi ọ̀sẹ̀ kan lọmọ yìí fi ń ka ìwé táwọn olùdíje pín kiri fún un, tó ń ṣàlàyé pé lágbájá ló sọ báyìí nípa owó ilé ìwé, tàmẹ̀dù ló sọ tọ̀hún nípa iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n ní kí Màmá wọlé, kí ọmọdé dúró síta. Ọmọdé! Ọjọ́ 11 ló kù kó pé 18. Torí ọjọ́ 11, ó di ọdún mẹ́rin míì, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 22 kó tó fọwọ́ kan ìwé ìdìbò.

Bẹ́ẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ o. Mo rí ìwé owó iṣẹ́ ẹ̀ lórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti yọ owó orí níbẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹ̀. Àwọn tó yọ ọ́ ò sọ pé ọmọdé ni, kó dúró síta.

Tá a bá ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ọdún 16 máa dìbò, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wà nípò ò ju pé ọmọ ọdún 16 ò tíì gbọ́n, ẹlòmíì ló máa darí ẹ̀. Ṣé àgbà ò lẹ́ni tó ń darí ẹ̀ ni? Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n ń sọ nígbà tí 21 ni wọ́n fi ń dìbò ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kó ọmọ ọdún 18 lọ sógun Vietnam, wọn ò jẹ́ kó dìbò, àfi ìgbà tó di 1971. Bràsíl ti jẹ́ kí ọmọ ọdún 16 tó bá wù dìbò láti 1988, Ọ́stríà ṣe é ní 2007, Malta ní 2018. Ní Skọ́tlándì, àwọn ọmọ ọdún 16 wà lára àwọn tó dìbò ní 2014 lórí bóyá kí wọ́n kúrò lára Bìrìtéènì, ilẹ̀ ò sì ya.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n sọ ọjọ́ orí ìdìbò di 16, kí wọ́n sì máa forúkọ wọn sílẹ̀ nílé ìwé. Ẹ wò ó, ọmọ ọdún 16 ṣì wà nílé, orúkọ ẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà láràárọ̀, tíṣà mọ̀ ọ́n, ẹnì kankan ò ní wá a kiri. Kí wọ́n wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn, kí wọ́n fi ìwé ìdìbò ìdánrawò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fàmì sí i tí ò fi ní bàjẹ́, kí tíṣà gbé ìlérí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú síwájú wọn kí wọ́n jọ tú u wò láì sọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tó pé 18, á ti kó kúrò nílé, á máa wáṣẹ́ tàbí kó ti wọ yunifásítì níbòmíì, àdírẹ́sì ẹ̀ ti yí, á ní ọ̀rọ̀ yẹn ò kan òun. Tẹ́rù bá ń ba àwọn aláṣẹ, kí wọ́n fi ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe ṣe é ní Jámánì. Ọmọ tí ò bá wù, kó má dì í.

Ọjọ́ 11! Ìgbà tí Màmá jáde, ó ní òun ò mọ̀ bóyá ibi tóun fẹ́ lòun fàmì sí, ó wá ń wo ojú ọmọ mi pé kó bá òun sọ ọ́. Ẹnu géètì lọmọ wà látàárọ̀, báàgì Màmá lọ́wọ́ ẹ̀, kò rí nǹkan kan.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọmọ kan