Má Lé Àwọn Tí O Bá Níbẹ̀

Àyìnlá ọmọ mi,

Ara gbogbo wa le nílé, ìyá rẹ sì ní kí n kí ọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ kì í ṣe owó oṣù tó ń falẹ̀, bí kò ṣe ibi tí o ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú ẹgbẹ́ kékeré yẹn kò yẹ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù dé ibi tí o gbá a dé kí orúnkún rẹ tó yẹ̀, àti pé bí wọ́n bá gbà fún ọ, àwọn bàbá méjì tí o bá níbẹ̀ ni o máa kọ́kọ́ lé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ Bill Shankly, akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool nígbà kan rí, fún ọ.

Glenbuck, abúlé àwọn awakùsà èédú ní Skọ́tlándì, ni wọ́n bí i sí ní 1913. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi ìwakùsà. Bọ́ọ̀lù ló yọ ọ́ níbẹ̀. Ó gbá a fún Carlisle, ó gbá a fún Preston, ó sì wà lára àwọn tó gba ife FA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1938. Ọjọ́ kejì tó pé ọmọ ọdún 26 ni Bìrìtéènì kéde ogun. Ogun náà gbé ọdún tó yẹ kó fi jẹ èrè ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, bí orúnkún ṣe gbé tìrẹ.

Láti 1949 tó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi wà ní Carlisle, Grimsby, Workington àti Huddersfield. Ní Workington, òun fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn fóònù, òun ló ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ fèsì lẹ́tà, òun náà ló ń lọ gba owó òṣìṣẹ́ ní báńkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń gbá rugby ló ń bá wọn pín pápá, tí wọ́n ń tẹ koríko rẹ̀ bàjẹ́. Pápá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ ń lò ló wá sí mi lọ́kàn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, ó dé Liverpool, tó wà ní ìpele kejì nígbà náà, tí pápá ìgbaradì rẹ̀ ní Melwood ti di igbó. Ó bá Bob Paisley, Joe Fagan àti Reuben Bennett, àwọn tó ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, lẹ́nu iṣẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun a máa kó àwọn èèyàn tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n Shankly ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n ṣáà jẹ́ olóòótọ́ sí òun àti sí ẹgbẹ́. Inú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó bàtà bọ́ọ̀lù sí ni wọ́n ti ń jókòó, tí wọ́n ń tú ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan palẹ̀. Ní 1962 wọ́n gòkè sí ìpele kìn-ín-ní. Ní 1964 wọ́n gba líìgì, wọ́n sì tún gbà á ní 1966 àti 1973. Nígbà tí Shankly fẹ̀yìn tì ní 1974, Paisley ló bọ́ sípò rẹ̀, ó sì gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù lẹ́ẹ̀mẹta. Fagan náà gbà á ní 1984. Ká ní Shankly ti lé wọn lọ́jọ́ tó dé ńkọ́?

Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sí mi pé ọ̀kan nínú àwọn bàbá yẹn máa ń mọ ọmọ tí kò jẹun wá sí pápá, kí ẹsẹ̀ ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jọ̀wọ́, ra àkàrà àti ẹ̀kọ, jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ìgbaradì, kí o ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àwọn ọmọ náà fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kà á.

Èmi ni bàbá rẹ.