Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi ní Kánádà: Bruno ti kú

Bọ̀dá mi,

Bruno ti kú o. Mi ò kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí torí mo mọ̀ pé ẹ máa kàn fi àwòrán ojú tó ń sunkún ránṣẹ́ ni, ìyẹn ò sì tó fún ajá yẹn.

Inú ló pa á. Ó jẹun tán nírọ̀lẹ́, èbà àti orí adìyẹ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ọgbà ká, kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀, ó fẹ́ bì ṣùgbọ́n itọ́ funfun nìkan ló ń jáde. Nígbà tí mo fọwọ́ lu ikùn ẹ̀, ó dún bí ìlù. Dókítà ẹran sọ lórí fóònù pé àwọn ajá ńlá tí àyà wọn jìn ló máa ń ṣe, afẹ́fẹ́ á kún inú, inú á wá lọ́ po, ẹ̀jẹ̀ ò ní ríbi gbà mọ́, tí wọn ò bá tètè là á láàárín wákàtí díẹ̀, ó parí. Adó ni dókítà wà. Ta ló fẹ́ gbé ajá tó lé ní kílò 60 láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó lóru? Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ. Ẹ̀yìn ilé la sin ín sí, lábẹ́ igi ọsàn. Bàbá kan láàdúgbò, tó ti ń sọ látọjọ́ yìí pé ajá yìí á tó Ògún bọ, wá béèrè bóyá a máa ta ẹran ẹ̀. Màámi lé e jáde.

Ẹ rántí 2016 tẹ́ ẹ gbé e dé láti Ìbàdàn nínú páálí. Ẹ ní irú ajá tí wọ́n ń pè ní Caucasian ni, pé orí àwọn òkè tó wà láàárín Òkun Dúdú àti Òkun Caspian ni ìran wọn ti ṣẹ̀, pé àwọn darandaran ibẹ̀ máa ń fi wọ́n sáàárín àgùntàn lóru nítorí ìkookò àti béárì, àti pé wọn kì í dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni, fúnra wọn ni wọ́n máa ń pinnu ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Bí Bàámi ṣe gbọ́ "darandaran" báyìí wọ́n dìde kúrò níbẹ̀. Àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn fúnra wọn fi ń gbé àjẹkù iyán fún un, tí wọ́n ń pè é ní Ọlọ́dẹ.

Ẹ̀yin ò sí ńbí nígbà ẹ̀rùn. Irun ẹ̀ pé méjì, ti òkè gùn, ti abẹ́ fúlẹ́fúlẹ́, ti òtútù ni, ẹ sì mọ bí ooru Ìkẹ́rẹ́ ṣe máa ń rí tí oòrùn bá ti lu àpáta Olósùnta láti àárọ̀. Ìdí kànga ló máa ń sùn sí, lórí símẹ́ńtì tútù, èmi á máa da omi síbẹ̀, èmi á máa fi kóòmù fa irun abẹ́ yẹn títí á fi kún àpò. Tí ọyẹ́ bá dé, inú ẹ̀ á wá dùn, á máa fò kiri. Irun ọrùn ẹ̀ lọmọ mi dì mú tó fi kọ́ ìrìn, tó bá ṣubú, Bruno á dúró dè é.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, alẹ́ ọjọ́ tí Bàámi ṣubú yẹn ni mò ń bọ̀ wá sọ. NEPA ti mú iná. Bàámi lọ sídìí kànga, a kàn gbọ́ gbì ni. Ká tó débẹ̀, Bruno ti dúró lé wọn lórí. Ó jẹ́ kí èmi àti Màámi sún mọ́ wọn, àmọ́ àwa méjèèjì ò lè gbé Bàámi, ẹ mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó. A figbe ta, àwọn èèyàn sáré wá, ọlọ́kadà méjì àti bàbá tó ń ta símẹ́ńtì, gbogbo wọn ò lè kọjá ẹnu géètì, torí kò tiẹ̀ gbó, ó kàn ń kùn, eyín ẹ̀ wà níta. Ohùn yín nìkan ló máa ń gbọ́ tó bá ti dà báyẹn. Mo pè yín. Ó ń dún. Mo tún pè, mo na fóònù sí i létí, kẹ́ ẹ ṣáà ti sọ "Bruno, wá" lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dún títí ó fi já. Màámi ló tú ìborùn orí wọn tí wọ́n fi bò ó lójú, tí wọ́n wọ́ ọ lọ sí kíṣìnì pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn.

Bàámi kú nídàájí, rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é. Bóyá ìdádúró yẹn ló fà á, bóyá òun kọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ pè lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni pé ká pa ajá, pé ajá ló pa Bàámi. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó rí olówó ẹ̀ nílẹ̀ nínú òkùnkùn, àwọn àlejò ń sáré bọ̀, ó ṣe ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ bí baba ńlá ẹ̀. Ajá dúró ti Bàámi. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń ṣe tí fóònù fi ń dún? Ẹ ò sọ ọ́ rí. Mi ò sì béèrè rí torí ẹ̀gbọ́n ni yín, àmọ́ mò ń béèrè ẹ̀ báyìí.

Màámi ò sùn mọ́. Látìgbà tí wọ́n ti pa ọba méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Èkìtì wa yìí ní January 2024, tí wọ́n tún kó ọmọ iléèwé lọ lọ́jọ́ yẹn kan náà, ariwo Bruno lóru ló ń jẹ́ kí wọ́n lè dijú. Ní báyìí, bí ewé bá já wọ́n á jí mi. Fẹ́ńsì ẹ̀yìn ti ya, owó símẹ́ńtì ò ṣeé dá mọ́, àwọn ìjọba sì ti tránsífà mi lọ sí Òmùò, Òmùò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí Kogí! Ta ló máa wà lọ́dọ̀ Màámi? Mo ti bẹ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n lọ kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́, wọn ò fèsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fowó ọmọ ajá míì ránṣẹ́. Irú wọn fẹ́ ẹni tó máa wà nílé láti kékeré wọn, tó máa jẹ́ kí wọ́n mọ èèyàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ni wọ́n máa mú lọ́tàá, kò sì sẹ́ni tó máa ṣe é níbí. Owó fẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún mi bóyá ẹ máa wálé ní Kérésì tàbí kí n kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì pe Màámi. Kì í ṣe èmi o, Màámi ni kẹ́ ẹ pè, tí wọ́n bá gbé e kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ wọn tán.

Èmi àbúrò yín.