Ẹ Jẹ́ Kí Àléébù Oṣó Hàn Nínú Eré

Sí Olóòtú,

Láàárín àwa tí a ń ṣe eré Dungeons & Dragons (eré orí tábìlì tí a ń fi ìtàn àti dáìsì ṣe) ní Kàbà àti Ìyàrà, ẹjọ́ kan kì í tán: àwọn kan ní oṣó, ẹ̀dá inú eré tí ń fi ọfọ̀ jà, ti gba eré mọ́ jagunjagun, tí ń fi idà jà, lọ́wọ́, nítorí náà kí a gé agbára oṣó kù. Mo lòdì sí èyí pátápátá.

Nínú ìtẹ̀jáde ọdún 2014, dáìsì olójú 10 ni a fi ń ṣírò ẹ̀mí jagunjagun, olójú 6 sì ni ti oṣó, èyí ni pé ẹ̀mí oṣó kéré sí ti jagunjagun. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọfọ̀ tí oṣó bá ti lò kì í padà bọ̀ sípò àfi bí ó bá sùn. Ìwé olùdarí eré (ẹni tí ń gbé ìtàn àti ìjà kalẹ̀ fún àwọn òṣèré) ti ìtẹ̀jáde náà sọ pé ẹgbẹ́ òṣèré lè fara da nǹkan bí ìjà 6 sí 8 lóòjọ́. Ṣùgbọ́n bí olùdarí bá gbé ìjà kan ṣoṣo kalẹ̀, tí ó sì gba ẹgbẹ́ láyè láti sùn lẹ́yìn rẹ̀, oṣó yóò ná gbogbo ohun tí ó ní láìbẹ̀rù ọ̀la, àléébù rẹ̀ kò sì ní hàn rárá, nígbà tí jagunjagun, tí idà rẹ̀ kì í tán lọ́wọ́, yóò dà bí ẹni tí kò wúlò.

Ẹ̀yin olùdarí eré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú kí ọjọ́ inú eré gùn sí i kí ẹ tó fọwọ́ kan òfin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣèré kan láti Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí